Ọkọ̀ Patricia, Ìyá Ọlọ́mọ Mẹ́rin, àti Orúkọ Tí Wọ́n Ní Wọ́n Gé

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Chicago ni mò ń gbé, ọmọ Pólándì sì ni ìdílé ọkọ mi láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ìtàn tí wọ́n ń pa nílé wọn ni pé ìyá tó bí bàbá àgbà ọkọ mi kó ọmọ mẹ́rin wọ ọkọ̀ Patricia ní Hamburg ní 1904, ó wá bá ọkọ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, àwọn òyìnbó ìmígíréṣọ̀n sì gé orúkọ wọn kúrú ní Ellis Island. Mo wá fọ́tò ọkọ̀ náà, mẹ́ta ni mo rí, kò sí èyí tó jọ èkejì. Mo fi wọ́n ránṣẹ́ pẹ̀lú ìwé yìí. Àkọsílẹ̀ kan tí mo rí tún pe ìyá yẹn ní ará Austria. Èwo la fẹ́ gbà gbọ́? Báwo sì ni obìnrin kan ṣe kó ọmọ mẹ́rin la òkun já? Ìyá Ìbejì.

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọpinpin o. Ìdílé tó bá ṣì rántí orúkọ ọkọ̀, ọdún àti èbúté ti bá wa ṣe ìdajì iṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ fọ́tò kúrò nílẹ̀, torí òun ló rọrùn jù.

Patricia tí ẹ ń wá, ọ̀pá èéfín kan ṣoṣo ló ní, pẹ̀lú òpó gíga mẹ́rin. Fọ́tò yín àkọ́kọ́ ni. Ilé iṣẹ́ ọkọ̀ Hamburg-Amerika, tí wọ́n ń pè ní HAPAG, ló ni ín. Ìlú Stettin ni wọ́n ti kàn án, ìlú tó ti di Szczecin ní Pólándì lónìí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ná ọ̀nà Hamburg sí New York ní 1899. Èkejì tó ní ọ̀pá èéfín mẹ́ta, Patria ni. Ọkọ̀ àwọn Faransé ni, ti ilé iṣẹ́ Fabre, 1914 ló sì tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò, ìyẹn ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn tí ìyá yín ti dé. HAPAG náà ní Patria tiwọn tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n iná jó o ní 1899. Ẹ rí i pé orúkọ ọkọ̀ ń rìn bí orúkọ Babátúndé: ọ̀kan á lọ, wọ́n á tún fi orúkọ náà pe òmíràn. Nítorí náà, ẹ má fi orúkọ nìkan wá fọ́tò ọkọ̀ láé. Ẹ fi ọdún àti ilé iṣẹ́ tó ni ín kún un, kí ẹ sì ka ọ̀pá èéfín.

Ẹ̀kẹta, èyí tí èrò kún orí ọkọ̀ bí ọjọ́ ọjà, tí àwọn obìnrin wé gèlè tí gbogbo ojú sì ń wòkè, Patricia gan-an ni. Edwin Levick ló yà á ní oṣù Kejìlá 1906. Ìyá yín kò lè sí nínú rẹ̀, ọdún méjì ló fi ṣáájú wọn, àmọ́ orí ọkọ̀ kan náà ni ẹsẹ̀ rẹ̀ àti tiwọn ti tẹ̀. Ẹ fi ìyẹn han àwọn ọmọ. Àwọn ènìyàn máa ń kó o pọ̀ mọ́ èyí tí Alfred Stieglitz yà ní 1907 lórí ọkọ̀ Kaiser Wilhelm II, tí wọ́n á ní ó fi àwọn tó ń dé sí Amẹ́ríkà hàn. Irọ́ ni. Yúróòpù ni ọkọ̀ yẹn forí lé ọjọ́ náà, àwọn tó wà nínú fọ́tò ń kúrò ní Amẹ́ríkà ni. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà yẹn: wọ́n á ṣiṣẹ́ ọdún méjì mẹ́ta, wọ́n á kówó jọ, wọ́n á padà lọ ra ilẹ̀ nílé. Ó ṣeé ṣe kí ọkọ ìyá yín náà ti ní irú èrò bẹ́ẹ̀ lọ́kàn kó tó wá ránṣẹ́ pe aya àti ọmọ.

Ọkọ̀ Patricia kì í ṣe ọkọ̀ àpọ́nlé. Ibùsùn ìpele kìn-ín-ní rẹ̀ jẹ́ 162, ti ìpele kejì 184, àmọ́ àwọn tó ń wọ ìsàlẹ̀ ọkọ̀ lé ní 2,000. Àwọn wọ̀nyẹn gan-an ni wọ́n tìtorí wọn kàn án, àwọn àti ẹrù. Kò yára rárá, nǹkan bíi máìlì òkun 13 ní wákàtí kan. Bí ẹ bá ṣírò ọ̀nà Hamburg sí New York, ọjọ́ méjìlá tàbí kí ó lé díẹ̀ ni. Lákòókò kan náà, HAPAG ní Deutschland tó ń fò lójú omi bí ẹyẹ, tó gba ipò ọkọ̀ tó yára jù lọ lórí Àtìláńtíìkì ní 1900. Àmọ́ ara ọkọ̀ náà ń gbọ̀n tó fi jẹ́ pé àwọn olówó inú rẹ̀ kò gbádùn, èédú tó sì ń jẹ kò ṣeé rò. Albert Ballin, ọ̀gá àgbà HAPAG, wò ó, ó ní òun kò bá ẹnikẹ́ni sáré mọ́. Ọkọ̀ ńlá tó rọra ń lọ, tó ń kó èrò ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ, tó sì ń kó ọjà Amẹ́ríkà bọ̀, ibẹ̀ ni owó wà.

Ẹ má fi ọjọ́ méjìlá ṣe yẹ̀yẹ́ o. Láyé ọkọ̀ onígbòkun, ọ̀sẹ̀ márùn-ún, mẹ́fà, kódà jù bẹ́ẹ̀ lọ, ni ìdílé fi ń wà lójú omi, tí afẹ́fẹ́ sì ń fẹ́ bó ṣe wù ú. Nígbà ìyàn ilẹ̀ Ireland ní 1847, àwọn tó kú sójú ọ̀nà pọ̀ débi tí wọ́n fi ń pe irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ní ọkọ̀ pósí. Sirius àti Great Western ti fi èédú la òkun dé New York ní oṣù kẹrin 1838, ṣùgbọ́n àwọn tó lówó lọ́wọ́ ni sítímà ìgbà yẹn wà fún. Ilé iṣẹ́ Inman ní Liverpool ló kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ tálákà ní ọ̀kúnkúndùn, láti orí City of Glasgow tí wọ́n rà ní 1850. Ọkọ̀ náà kúrò ní Liverpool ní 1854 pẹ̀lú nǹkan bíi 480 ènìyàn, a kò gbúròó rẹ̀ mọ́ títí dòní. Wọn kò torí ìyẹn dúró. Nígbà tó fi máa di àwọn ọdún 1870, sítímà ni fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo ẹni tó ń ṣí lọ sí Amẹ́ríkà láti Yúróòpù ń wọ̀. (Ó yàtọ̀ sí ti àwọn Àgùdà tiwa tó ń ti Bahia bọ̀ sí Èkó: Aliança tó gbé wọn wá ní ìparí ọ̀rúndún yẹn, ìgbòkun ló ṣì ń lò.)

Wàyí o, Hamburg. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ dúró sí jù, torí ohun mẹ́ta tí ẹ béèrè, ibẹ̀ ni gbòǹgbò gbogbo wọn wà.

Ní oṣù kẹjọ 1892, àrùn onígbáméjì bẹ́ sílẹ̀ ní Hamburg, ó pa ènìyàn tó lé ní 8,000. Ẹ̀bi náà ni wọ́n gbé lé àwọn arìnrìn-àjò tó ń ti Rọ́ṣíà bọ̀ lórí. Omi odò tí ìlú náà ń mu láìsẹ́ kò kàn wọ́n. New York dá ọkọ̀ HAPAG dúró lójú omi, wọ́n sé èrò mọ́ inú rẹ̀. Láti ìgbà náà ni àwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ Jámánì ti gbé ibùdó àyẹ̀wò kalẹ̀ sí ẹnu bodè. Bí ìwé ṣe pe ìyá yín ní ará Austria, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ Galicia, apá ilẹ̀ Pólándì tó wà lábẹ́ Austria nígbà yẹn, ló ti wá; ẹni tó ń ti ibẹ̀ bọ̀ lè gba ibùdó Mysłowice kọjá. Wọ́n á wo tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀, dókítà á wo ara rẹ̀, wọ́n á sì wo owó ọwọ́ rẹ̀. Bí ó bá dé Hamburg, HAPAG ti kọ́ abúlé odindi kan sí erékùṣù Veddel, tí wọ́n ṣí ní ìparí 1901: ilé ìwẹ̀, ilé ìfinisùn, ṣọ́ọ̀ṣì, sínágọ́gù, ilé oúnjẹ àwọn Júù lọ́tọ̀. Ẹ óò wẹ̀, wọ́n á fi oru gbígbóná pa kòkòrò inú aṣọ yín, dókítà á máa wò yín títí ọkọ̀ á fi tó. Ballin fúnra rẹ̀, nínú òwò tíkẹ́ẹ̀tì àwọn tó ń ṣí lọ ni bàbá rẹ̀ ti tọ́ ọ dàgbà, ó mọ ohun tó ń ṣe. Àkọlé HAPAG ni "Mein Feld ist die Welt", oko mi ni ayé.

Kí ló mú kí wọ́n ṣe wàhálà tó bẹ́ẹ̀? Owó ni. Lábẹ́ òfin Amẹ́ríkà, ẹni tí wọ́n bá kọ̀, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ló máa fi owó ara rẹ̀ gbé e padà. Láti 1903, bí ẹni tó gbé wá bá ní àrùn tó ń ràn tí dókítà ìbá ti rí ní èbúté tó ti wọkọ̀, ìtanràn $100 ni lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Owó ọkọ̀ ìsàlẹ̀ nígbà yẹn kò ju nǹkan bíi $30 lọ. Ẹ̀yin náà ẹ ṣírò ó. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nínú ọgọ́rùn-ún tó dé Ellis Island, nǹkan bí ẹni méjì péré ni wọ́n ń dá padà. Wọ́n ti ṣẹ́ èrò bí ẹni ṣẹ́ gaàrí kó tó kan Amẹ́ríkà.

Orúkọ náà, bákan náà. Mánífẹ́ẹ̀sì, ìyẹn ìwé orúkọ èrò, àwọn akọ̀wé ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ló ń kọ ọ́ kí ọkọ̀ tó ṣí. Òfin 1903 ní kí wọ́n béèrè ohun tó lé ní ogún lọ́wọ́ olúkúlùkù: orúkọ, ọjọ́ orí, iṣẹ́, ṣé o mọ̀wé, ta ló san owó ọkọ̀ rẹ, èló ló wà lọ́wọ́ rẹ, ọ̀dọ̀ ta lò ń lọ àti àdírẹ́sì rẹ̀. Wọ́n tún ń béèrè bóyá ènìyàn ń fẹ́ ju ìyàwó kan lọ, àti bóyá onírúkèrúdò tó fẹ́ kí ìjọba tú ká ni. (Mo sábà máa ń rò ó wò pé ta ni yóò dáhùn ìyẹn ní "bẹ́ẹ̀ ni".) Nígbà tí ìyá yín dé iwájú òṣìṣẹ́ Ellis Island, ìwé tí wọ́n ti kọ ní Hamburg ló wà lórí tábìlì. Ó ń ka ìbéèrè láti inú rẹ̀, ó ń fi bírò sàmì sí i, bóyá ìdáhùn bá tiwọn mu. Ògbufọ̀ tó gbọ́ èdè Pólándì sì wà nítòsí. Fiorello La Guardia, tó padà di olórí ìlú New York, ṣe iṣẹ́ ògbufọ̀ níbẹ̀ láti 1907 sí 1910. Wọn kì í fún ẹnikẹ́ni ní orúkọ tuntun níbẹ̀, kò sí ìwé tí wọ́n lè kọ ọ́ sí.

Ta ló wá gé orúkọ náà? Àwọn fúnra wọn, ní Chicago. Ọ̀gá ilé iṣẹ́ kò lè pè é, tíṣà kò lè kọ ọ́, ọmọ ń tijú. Òfin ìgbà yẹn kò ní kí ènìyàn lọ sí kóòtù kó tó máa jẹ́ orúkọ mìíràn. Ìyá Ìbejì, ẹ̀yin náà mọ Olúwafúnmiláyọ̀ tó dé ibi iṣẹ́ lọ́hùn-ún tó di Funmi láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ṣé ìmígíréṣọ̀n ló gé tirẹ̀? Ohun kan ṣì wà tó máa ń tan àwọn tó ń wádìí jẹ. Nínú èdè Pólándì, orúkọ ìdílé tó bá parí sí -ski lára ọkùnrin, -ska ló ń di lára obìnrin. Akọ̀wé lè kọ ti ìyá ní -ska, ti ọmọkùnrin ní -ski, ẹni tó ń wá wọn á ní ìdílé méjì ni.

Ọ̀rọ̀ Austria kò sì ta ko ohun tí ìdílé yín ń sọ. Láti 1795 títí di 1918, kò sí orílẹ̀-èdè Pólándì lórí máàpù. Rọ́ṣíà, Prussia àti Austria ló pín ilẹ̀ náà mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Galicia bọ́ sọ́dọ̀ Austria. Nígbà tó fi máa di 1904, mánífẹ́ẹ̀sì ti ní àyè méjì lọ́tọ̀: ìjọba tí o wà lábẹ́ rẹ̀, àti ìran tí o ti wá. Ẹ lọ wo àyè kejì, ó ṣeé ṣe kí ẹ bá Pólándì níbẹ̀. Bí ọmọ Kétu tí ìwé ìrìnnà rẹ̀ jẹ́ ti Bẹ̀nẹ̀ ni, ṣé ó wá tìtorí ẹ̀ ṣíwọ́ láti jẹ́ Yorùbá?

Nípa ti ìyá àti ọmọ mẹ́rin. Òótọ́ ni pé ó nira, ṣùgbọ́n ó ní òfin. Òfin èrò ọkọ̀ tí Amẹ́ríkà ṣe ní 1882 ló là á sílẹ̀ pé kí àpọ́n wà níwájú ọkọ̀, kí àwọn obìnrin tí kò ní ọkọ wà lọ́tọ̀, kí ìdílé wà papọ̀. Ìyá lè sun ibùsùn kan náà pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ tí kò tíì pé ọdún mẹ́jọ. Àmọ́ bí àkọ́bí rẹ̀ bá jẹ́ ọkùnrin tó ti kọjá ọdún mẹ́rìnlá, ọ̀dọ̀ àwọn ọkùnrin ni wọ́n máa gbé e lọ. Òfin náà ní kí wọ́n fún ìyá ọlọ́mọ ní mílíìkì fún àwọn ọmọ kéékèèké, kí dókítà sì wà nínú ọkọ̀. Ìwé òfin nìyẹn o. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é gan-an, a mọ̀ ọ́n láti ẹnu àwọn tí ìgbìmọ̀ ìjọba Amẹ́ríkà rán wọ ọkọ̀ ní ìkọ̀kọ̀ láàárín 1907 sí 1911. Anna Herkner wà lára wọn: ó múra bí obìnrin abúlé Bohemia, ó wọ ìsàlẹ̀ ọkọ̀, ó kọ ohun tí ojú rẹ̀ rí. Ibùsùn irin alájà méjì, ọ̀kan lórí èkejì. Kò sí ibi tí ènìyàn lè fi ẹrù rẹ̀ sí ju orí ibùsùn tó ń sùn lọ. Omi iyọ̀ ni wọ́n fi ń wẹ̀, èébì àwọn tí òòyì òkun ń kọ́ kò gbẹ nílẹ̀ kí òmíràn tó dé, àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ sì ń fọwọ́ pa obìnrin lára bó ṣe wù wọ́n. Ohun tó dùn mí jù nínú ìròyìn ìgbìmọ̀ náà ni pé ọkọ̀ mìíràn ti wà tó ní yàrá kéékèèké fún ẹni díẹ̀ ní iye owó tí kò jìnnà sí ti ìsàlẹ̀ àtijọ́, tó sì ń jèrè. Ó lè dára. Wọn kàn kò tíì ṣe é níbi gbogbo ni.

Bí ojú ọjọ́ bá dára, gbogbo ènìyàn á gun òkè lọ gba afẹ́fẹ́. Ohun tí Levick yà nìyẹn. Mo gbà pé apá ibẹ̀ ni àwọn ọmọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rántí jù.

Hoboken, ní òdìkejì odò sí Manhattan, ni ọkọ̀ HAPAG ń gúnlẹ̀ sí. Wọ́n ń yẹ àwọn ìpele kìn-ín-ní àti èkejì wò nínú ọkọ̀, wọ́n á sọ̀ kalẹ̀ máa lọ. Àwọn tó wà nísàlẹ̀ ni wọ́n ń kó sínú ọkọ̀ kékeré lọ sí Ellis Island. Níbẹ̀ ni dókítà ti ń wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń gun àtẹ̀gùn, ta ló ń mí hẹlẹ, ta ló ń tiro. Ẹni tí wọ́n bá fura sí, wọ́n á fi ṣọ́ọ̀kì kọ lẹ́tà sí i láṣọ: E fún ojú, H fún ọkàn, L fún ẹsẹ̀ tó ń tiro. Nítorí àrùn ojú trachoma, wọ́n ń fi ìkọ́ tí wọ́n fi ń de bọ́tìnnì bàtà yí ìpéǹpéjú sókè. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà tó kọjá níbẹ̀ gbàgbé gbogbo rẹ̀ tán, wọn kò gbàgbé ìkọ́ yẹn.

Ibi tó máa kan yín jù nìyí. Wọn kì í jẹ́ kí obìnrin tó ń dá rìn pẹ̀lú ọmọ jáde lọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n á dá a dúró títí ọkọ rẹ̀ á fi wá gbà á, tàbí tó fi wáyà àti owó ọkọ̀ ojú irin ránṣẹ́. Ẹni tí ọkọ rẹ̀ wà ní Chicago lè dúró ọjọ́ kan, méjì, mẹ́ta. Ẹ wo etí òsì mánífẹ́ẹ̀sì náà, níwájú orúkọ rẹ̀: bí ẹ bá rí X, wọ́n dá a dúró. Ẹ wá ṣí ìwé náà lọ sí ìparí, sí ojú ìwé àwọn tí wọ́n dá dúró nínú ọkọ̀ kan náà. Ẹ lè bá ìdí tí wọ́n fi dá a dúró, orúkọ ẹni tó wá gbà á, wákàtí tó jáde, àti iye oúnjẹ àárọ̀, ọ̀sán àti alẹ́ tí òun àti àwọn ọmọ jẹ, torí ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ni wọ́n ń ka owó rẹ̀ sí lọ́rùn.

Kí ẹ tó débẹ̀, ìwé Hamburg ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Ó wà láti 1850 dé 1934, inú yín á sì dùn pé kì í ṣe Bremen ni wọ́n gbà; ti Bremen, wọ́n ti pa ọ̀pọ̀ rẹ̀ run torí pé ọ́fíìsì kún, ogun sì ba púpọ̀ nínú èyí tó kù jẹ́. Mánífẹ́ẹ̀sì Amẹ́ríkà ti 1904 kò béèrè ibi tí wọ́n ti bí ènìyàn, ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni wọ́n tó fi ìyẹn kún un. Ti Hamburg ló máa sọ abúlé tó ti wá. Ẹ má fi orúkọ ìdílé wá a. Ẹ kọ orúkọ àbísọ àwọn ọmọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kalẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ orí wọn ní 1904, kí ẹ máa wá ìyá tí irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ tò tẹ̀ lé lẹ́yìn lórí ìwé. Bí ẹ kò bá rí wọn lórí Patricia, ẹ wo Pennsylvania, Pretoria àti Graf Waldersee. Ọmọ ìyá ni wọ́n, ọ̀pá èéfín kan, òpó mẹ́rin, àwọn arìnrìn-àjò àtijọ́ pàápàá máa ń ṣì wọ́n mú. Patricia fúnra rẹ̀, wọ́n gbà á lọ́wọ́ Jámánì lẹ́yìn ogun ní 1919, ó kó àwọn sójà Amẹ́ríkà padà sílé, wọ́n sì tú u tà ní irin ní 1921.

Bí ẹ bá rí ojú ìwé oúnjẹ yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ránṣẹ́ sí mi. Mo fẹ́ mọ iye alẹ́ tí wọ́n sùn níbẹ̀.